Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀: Ìtàn Ẹ̀rọ Aṣọ́kàn àti Pípààrọ̀ Rẹ̀

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 2011, Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún balẹ̀ sí Kútọnú. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni nígbà náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó lò ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀: ó lọ sí Wídà, ó dúró níbi ibojì Kádínà Bernardin Gantin, ó fi ọwọ́ sí ìwé tí ó kọ sí ìjọ ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì darí ìsìn ńlá ní pápá ìṣeré ní Kútọnú kí ó tó padà sí Róòmù. Àwọn kan nínú wa lọ wò ó. Àwọn yòókù rí i lórí tẹlifísọ̀n. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé lábẹ́ aṣọ funfun náà, lábẹ́ awọ àyà rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ó ń ran ọkàn rẹ̀ lọ́wọ́ láti lù. Nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́. Ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2013, ọjọ́ kejì tí Póòpù kéde pé òun yóò fi ipò sílẹ̀, ni agbẹnusọ Vatican, Àlùfáà Federico Lombardi, tó sọ ọ́ ní gbangba pé ẹ̀rọ náà ti wà lára rẹ̀ kí ó tó di Póòpù, pé ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú ni wọ́n pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, àti pé iṣẹ́ tí a máa ń ṣe bí àsìkò bá tó ni, kì í ṣe òun ni ó fa ìpinnu náà. Benedict tún lo ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn pípààrọ̀ yẹn; ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2022 ni ó tó kú, ẹni ọdún 95.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọ ni ó mú wa bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí òǹkàwé wa dì mú ni pé ẹ̀rọ tí ń ran ọkàn lọ́wọ́ kì í ṣe oògùn tí a lò lẹ́ẹ̀kan tí àìsàn sì lọ. Ẹ̀rọ tí ó ní ọjọ́ orí ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi í sí ara ènìyàn ni ọjọ́ tí yóò rẹ̀ ti ń bọ̀, àwọn oníṣègùn sì lè rí ọjọ́ náà láti òkèèrè. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Pacemaker ni wọ́n ń pè é ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn Faransé pẹ̀lú ń pè é bẹ́ẹ̀. Nínú àròkọ yìí, a ó máa pè é ní ẹ̀rọ aṣọ́kàn, nítorí pé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ni ó ń ṣe, bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu bodè Àkàbà Ìdènà ṣe ń ṣọ́ ìlú Kétu láyé àtijọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń ṣọ́. Ọkàn ènìyàn ń lù tó ìgbà 100,000 láàárín ọ̀sán àti òru kan. Ẹni tí ó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ilẹ̀ Kétu yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí: ìyáàlù ni ó ń darí, àwọn omele ń tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ oníjó sì ń dá wọn lóhùn. Nínú ọkàn, ibi kékeré kan wà ní apá òkè lọ́wọ́ ọ̀tún tí ó dà bí ìyáàlù. Ibẹ̀ ni agbára mọ́nàmọ́ná kékeré ti ń jáde, tí ó ń gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ sọ fún àwọn yàrá ìsàlẹ̀ pé kí wọ́n ti ẹ̀jẹ̀ jáde. Bí ọjọ́ orí tàbí àìsàn bá dí ọ̀nà náà, ìyáàlù lè máa sọ̀rọ̀ lókè kí oníjó ìsàlẹ̀ má gbọ́. Ọkàn tí ó yẹ kí ó lù ní ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan yóò wá máa lù ní ìgbà 40, tàbí 30, tàbí kí ó tilẹ̀ dákẹ́ fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀. Òòyì yóò kọ́ ẹni náà. Yóò ṣubú lójijì ní oko tàbí ní ọjà, yóò sì tún dìde bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Ní agbègbè wa, a máa ń pe irú ìṣubú bẹ́ẹ̀ ní wárápá tàbí iṣẹ́ ọwọ́ ayé, a ó sì ti ná owó púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fetí sí bí ọkàn ṣe ń lù.

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń wá ọ̀nà láti fi iná mọ́nàmọ́ná jí ọkàn tí ó ń falẹ̀. Ní ọdún 1952, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, oníṣègùn Paul Zoll fi hàn pé a lè ta iná náà gba orí awọ àyà kí ọkàn sì máa lù. Ṣùgbọ́n ó ń dun aláìsàn, ó sì lè jó awọ ara. Àwọn ẹ̀rọ ìgbà náà tóbi, ara ògiri ni wọ́n sì ti ń gba iná. Ibi tí wáyà bá gùn dé ni aláìsàn lè rìn dé. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1957, iná kú ní ìlú Minneapolis. Àwa tí a ń gbé ní Odomẹ́ta kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wa bí iná ṣe ń kú. Ṣùgbọ́n ní ìlú yẹn, àwọn ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́-abẹ fún wà tí ọkàn wọn gbára lé ẹ̀rọ tí ń lo iná ògiri. Oníṣègùn C. Walton Lillehei bá ké sí Earl Bakken, ẹni tí ó ń tún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe nínú gáràjì kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, Bakken ti to ẹ̀rọ kékeré kan tí ó ń lo bátìrì, tí aláìsàn lè so mọ́ ara. Bí ọkàn ṣe bọ́ lọ́wọ́ iná ògiri nìyẹn, tí ó sì bọ́ sọ́wọ́ bátìrì. Ọ̀rọ̀ bátìrì ni ìtàn wa láti ibí lọ.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ní Stockholm, olú-ìlú Swídìn, obìnrin kan kò jẹ́ kí àwọn oníṣègùn sinmi. Else-Marie Larsson ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Arne Larsson, ẹni ọdún 43, ń dákú lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́, ìrètí sì ti ń pin. Obìnrin náà ti gbọ́ pé oníṣègùn iṣẹ́-abẹ Åke Senning àti onímọ̀-ẹ̀rọ Rune Elmqvist ń dán ẹ̀rọ kan wò lára ẹranko. Wọ́n sọ fún un pé èyí tí a lè fi sí ara ènìyàn kò tíì sí. Ó ní kí wọ́n lọ ṣe é. Elmqvist to àwọn èròjà jọ nínú agolo ìpara bàtà, ó sì da oje tí ó máa ń gan lé wọn lórí. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 1958, Senning la àyà Larsson, ó sì fi ẹ̀rọ náà sí i. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé tí a fi odindi ẹ̀rọ aṣọ́kàn sí nínú ara.

Ohun tí a kì í sábà tẹnu mọ́ nínú ìtàn náà ni èyí: wákàtí mélòó kan péré ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn fi ṣiṣẹ́. Wọ́n ní láti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀rọ aṣọ́kàn àti pípààrọ̀ rẹ̀ dà bí Táíwò àti Kẹ́yìndé: ìgbà kan náà ni wọ́n wá sáyé. Èkejì pàápàá kò pẹ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n Larsson kò kú. Láàárín ọdún 43 tí ó tún lò láyé, ẹ̀rọ 26 ni ó lò. Ó ṣiṣẹ́, ó rìnrìn àjò, ó di arúgbó. Elmqvist kú ní ọdún 1996, Senning kú ní ọdún 2000. Ẹni tí wọ́n gbà là pẹ́ láyé ju àwọn méjèèjì lọ. Ọjọ́ 28 oṣù kejìlá ọdún 2001 ni ó tó papòdà, ẹni ọdún 86. Àrùn jẹjẹrẹ ni ó pa á, ọkàn kọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bẹ̀rù pé pípààrọ̀ ẹ̀rọ jẹ́ àmì pé ikú ti dé ẹnu ọ̀nà, kí ó rántí ọkùnrin yìí.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ ńlá tí ó kù fún àwọn onímọ̀ ni láti jẹ́ kí àkókò tí ó wà láàárín pípààrọ̀ kan àti òmíràn gùn sí i. Ní ọdún 1960, ní ìlú Buffalo ní Amẹ́ríkà, àwọn oníṣègùn William Chardack àti Andrew Gage fi ẹ̀rọ tí Wilson Greatbatch ṣe sí ara aláìsàn. Àṣìṣe ni ó fi ọ̀nà han Greatbatch: èròjà kan tí kì í ṣe èyí tí ó fẹ́ lò ni ó mú, ohun tí ó ń tò sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù, ó ń dúró, ó tún ń lù, gẹ́gẹ́ bí ọkàn. Bátìrì mákúrì ni àwọn ẹ̀rọ ìgbà náà ń lò, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í ju nǹkan bí ọdún méjì lọ kí wọ́n tó rẹ̀. Ẹni tí ó bá lo ọdún mẹ́wàá pẹ̀lú rẹ̀ lè ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọ̀bẹ ní ìgbà márùn-ún.

Ní ọdún 1970, ní ilé ìwòsàn Broussais ní Paris, àwọn oníṣègùn Faransé dán ọgbọ́n mìíràn wò: wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń gba agbára láti inú plutonium sí ara ènìyàn. Irú rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n májèlé líle ni plutonium. A ní láti máa mọ ibi tí ẹni tí ó gbé e sára wà, kí a sì gbà á padà bí ó bá kú. Ní ọdún 1972 ni bátìrì lithium àti iodine wọ inú iṣẹ́ náà, Greatbatch pẹ̀lú sì wà lára àwọn tí ó tì í lẹ́yìn. Òun ni ó borí. Ó pẹ́ ju ti mákúrì lọ, ó sì ní ìwà kan tí ó ṣe pàtàkì fún ohun tí à ń sọ: kì í ṣàdédé kú. Díẹ̀díẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, a sì lè wọn iye tí ó kù. Lónìí, ẹ̀rọ kan lè lo nǹkan bí ọdún mẹ́fà sí méjìlá, gẹ́gẹ́ bí irú rẹ̀ àti bí ọkàn ṣe gbára lé e tó.

Báwo wá ni pípààrọ̀ náà ṣe ń lọ ní ayé òde òní? Ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ sára gbọ́dọ̀ máa lọ fún àyẹ̀wò, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Oníṣègùn yóò gbé ohun kan lé orí awọ, láìgé ara, ẹ̀rọ náà yóò sì sọ iye agbára tí ó kù. Bí ó bá ti ń tó àkókò, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yóò fi àmì hàn nígbà tí oṣù mélòó kan ṣì kù. Àmì yìí kì í ṣe pé kí a sáré lóru; ó ń sọ pé kí a mú ọjọ́. Ẹni tí ó bá fi àyẹ̀wò sílẹ̀ kò ní rí àmì náà, àfi bí òòyì àti àárẹ̀ àtijọ́ bá padà wá.

A máa ń sọ pé a fẹ́ pààrọ̀ bátìrì, ṣùgbọ́n kò ṣe é yọ bí a ṣe ń yọ píìlì rédíò. Inú àpótí titanium tí a jó ẹnu rẹ̀ pa ni ó wà, kí omi ara má baà wọ̀ ọ́. Nítorí náà, odindi àpótí náà ni a ń pààrọ̀. Ní ti àwọn wáyà tí ó gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọkàn, a máa ń fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣì dára. Ìdí nìyí tí pípààrọ̀ fi máa ń rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Kí ọjọ́ náà tó pé, aláìsàn yóò sọ gbogbo oògùn tí ó ń lò fún oníṣègùn, pàápàá èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àti àgbo tí ó ń mu nílé pẹ̀lú. Kí ó má ṣe dá oògùn kankan dúró fúnra rẹ̀. A ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. A ó ní kí ó má jẹun fún wákàtí mélòó kan. Yóò sì mú káàdì ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ní yàrá iṣẹ́-abẹ, wọn yóò fún un ní oògùn tí ń dènà kòkòrò àrùn, wọn yóò sì gún un ní abẹ́rẹ́ tí ń mú kí ibẹ̀ kú tipiri. Ọ̀pọ̀ ìgbà, aláìsàn kì í sùn pátápátá. Ó lè máa gbọ́ ohùn àwọn oníṣègùn, kí ó sì mọ̀ pé wọ́n ń tẹ òun láyà, láìjẹ́ pé ó dùn ún púpọ̀. Wọn yóò la ẹ̀gbẹ́ àpá àtijọ́, wọn yóò yọ àpótí tí ó ti rẹ̀, wọn yóò dán àwọn wáyà wò, wọn yóò so wọ́n mọ́ tuntun, wọn yóò sì rán ojú rẹ̀ padà. Bí ọkàn ẹni náà bá gbára lé ẹ̀rọ pátápátá, wọn yóò ti pèsè ohun tí yóò máa darí rẹ̀ ní ìwọ̀n ìgbà díẹ̀ tí wọ́n bá fi tú wáyà. Gbogbo rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bí wákàtí kan lọ. Ẹlòmíràn a padà sílé lọ́jọ́ náà, ẹlòmíràn a sùn di ọjọ́ kejì.

Ewu tí ó pọ̀ jù ni kòkòrò àrùn, ewu yìí sì ga nígbà pípààrọ̀ ju ìgbà àkọ́kọ́ lọ. Nítorí náà ni a kò fi gbọdọ̀ fi omi kan ojú ọgbẹ́ títí oníṣègùn yóò fi gbà wá láyè, tí a kò sì gbọdọ̀ fi àdí, ewé tàbí ẹ̀bù kankan pa á, bí ó ti wù kí ẹni tí ó mú un wá fẹ́ràn wa tó. Bí ibẹ̀ bá wú, tí ó pọ́n, tí ó gbóná, tí ọyún ń jáde, tàbí tí ibà dé, ọjọ́ náà gan-an ni kí a padà lọ. Lẹ́yìn tí ọgbẹ́ bá san, ẹni náà lè padà sí iṣẹ́ rẹ̀. Kí ó má ṣe fi fóònù sí àpò àyà lókè ẹ̀rọ, kí ó sì jẹ́ kí gbogbo oníṣègùn tí ó bá rí mọ̀ pé òun gbé ẹ̀rọ sára.

Ọ̀rọ̀ wá kan ilẹ̀ tiwa. Ìwádìí kan tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọkàn ilẹ̀ Áfíríkà, PASCAR, gbé jáde ní ọdún 2018 fi hàn pé ní àárín gbùngbùn ìwọ̀n àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n yẹ̀ wò, kò tó ènìyàn mẹ́ta nínú mílíọ̀nù kan tí ń gba ẹ̀rọ yìí lọ́dún. Ní Yúróòpù, ó ju 500 lọ. Owó ni ìdí kan, ọ̀nà jíjìn ni èkejì. Láti Odomẹ́ta sí Kútọnú, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá CNHU wà, ó ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ. Àwọn kan ń wá ọ̀nà àbáyọ. Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà ń gba ẹ̀rọ lára àwọn tí ó ti kú, bí ẹbí bá yọ̀ǹda, wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n ń fọ̀ wọ́n mọ́ pátápátá, kí a lè lò wọ́n fún ẹni tí kò lè ra tuntun. Èsì ìwádìí tí wọ́n sọ ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, láti orílẹ̀-èdè méje tí Nàìjíríà wà lára wọn, fi hàn pé àwọn ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ bí tuntun. Ìròyìn ayọ̀ ni. Síbẹ̀, àtúnlò tàbí tuntun, bátìrì náà yóò rẹ̀ ní ọjọ́ kan.

Ibẹ̀ gan-an ni a ti máa ń kùnà. Ìyá àgbà kan wà ní agbègbè wa tí ó máa ń dákú. Nígbà tí wọ́n sọ pé ẹ̀rọ ni yóò gbà á, gbogbo ẹbí dá owó, àwọn ọmọ tí ó wà lẹ́yìn odi fi tiwọn ránṣẹ́, àwa pẹ̀lú mú ìwọ̀nba tiwa wá. Ó lọ, ó bọ̀, a jó, a yọ̀, a pa àgbò ìdúpẹ́. Káàdì ẹ̀rọ náà wọ ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ. Ọdún ń gorí ọdún. Àyẹ̀wò di ohun ìgbàgbé, nítorí pé ara ìyá le, owó ọkọ̀ sì wọ́n. Nígbà tí òòyì padà dé, ọ̀rọ̀ ayé ni a kọ́kọ́ ń sọ. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan, akẹ́kọ̀ọ́ ni, ni ó rántí káàdì náà, tí ó ka ọdún tí ó wà lórí rẹ̀, tí ó sì ṣírò rẹ̀ sí wa létí. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ náà ní àkókò, ìyá sì wà láàyè. Ṣùgbọ́n gbèsè ni a jẹ kí a tó rí owó náà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí a ti ní ọdún mẹ́jọ láti fi kó o jọ. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni bí kò ṣe tiwa.

Gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń kọ́ ọmọ ní ìtàn, a máa ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa rántí ọdún 1886, nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Dahomey dó ti Kétu. Odi ìlú wà níbẹ̀, Àkàbà Ìdènà wà níbẹ̀. Oúnjẹ ni ó tán nínú ilé. Ebi ni ó ṣẹ́gun ohun tí ọ̀kọ̀ kò lè wó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ aṣọ́kàn ṣe rí. Àpótí rẹ̀ kì í ṣàdédé fọ́. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ń tán. Àwọn baba ńlá wa kò lè mọ ọjọ́ tí ogun yóò dé. Àwa mọ ti àwa, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní kíkọ.

Nítorí náà, ọjọ́ tí a bá ti fi ẹ̀rọ sí ara ẹnì kan ni kí ẹbí ti bẹ̀rẹ̀ àjọ fún èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ lóṣooṣù, fún ọdún mẹ́jọ, kò wúwo bí gbèsè ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ẹni méjì nínú ilé mọ ibi tí káàdì wà. Kí a kọ ọdún náà sí ibi tí a ń kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ sí. Ìgbà mélòó ni Larsson pààrọ̀ tirẹ̀, tí ó sì padà sílé lọ bá aya rẹ̀! Ẹni tí ó bá ní bàbá tàbí ìyá tí ó gbé ẹ̀rọ aṣọ́kàn sára, kí ó ṣí àpótí aṣọ lónìí, kí ó wá káàdì náà, kí ó sì ka ọdún tí ó wà lórí rẹ̀.